Bẹ́ ẹ ṣe lè fi Èrédò kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ àyíká

Ẹ̀yin tíṣà àti òbí tẹ́ ẹ wà ní Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi erin bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ igbó J4, tí erin ń gbé lápá Ìjẹ̀bú, lókìkí, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì láyé látọdún 1977, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló máa fojú rí erin níbẹ̀? Ibi tẹ́sẹ̀ wọn lè dé ni kẹ́ ẹ mú, ibì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì máa padà síbẹ̀ ṣáá.

Èrédò Ṣùngbọ́, yàrà ńlá àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, lèmi ń lò. Yàrà yẹn gùn tó bíi kìlómítà 160, ó sì jìn tó ogún mítà níbòmíì. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó loko, kí àgbà ṣáájú, kí gbogbo wọn wọ bùútù, torí etí ẹ̀ ń yọ̀, ejò náà ò sì kọ́lé síbòmíì.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ dúró nínú oòrùn kó pa yín díẹ̀, ẹ wá sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé kankan o! Ẹ ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n fàtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ilẹ̀ pupa yẹn: ó tutù, ó ń rin, ewéko kéékèèké tó múlọ́ bí àrán ti bò ó. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tíbí tutù. Ọmọ kan sọ fún mi pé fíríìjì ló wà nísàlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa, ta ló máa wá mú iná ẹ̀ lọ? Ó wòkè, ó ní "ẹni tó bá gé àwọn igi yìí."

Lẹ́yìn náà kí kálukú sọra ẹ̀ di ẹ̀kán òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sétí yàrà, kó ròyìn ibi tó gbà àti ẹni tó mu ún lọ́nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí tójò bá dé ẹ máa padà wá wò ó bóyá irọ́ ni wọ́n pa.

Ẹ fi ewé eéran hàn wọ́n, abẹ́ ìbòòji ló ń hù. Kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà nílé pé kí ló dé tí mọ́ínmọ́ín fi ń wà nínú nílọ́ọ̀nù báyìí.

Ìtàn Ṣùngbọ́, opó olówó tí wọ́n ní kò bímọ tó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, ìkẹyìn ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa wo ewé mọ́.

Tẹ́ ẹ bá lọ ní Júùnù, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání jàre, ilẹ̀ pupa yẹn kì í tètè bọ́ lára yunifọ́ọ̀mù.