Ẹ̀dá Ìtàn Yín Kú Nídìí Géèmù? Ẹ Má Ṣe Báyìí

Gbólóhùn tó burú jù tẹ́nìkan lè sọ fún ẹni tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nídìí Dungeons & Dragons, géèmù tí kálukú ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti dáìsì ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn, ni “Ṣebí géèmù lásán ni.” Ẹni tó sọ ẹ̀dá náà lórúkọ, tó ń fẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ ò lè ní kó má bara jẹ́. Ẹ kí i kú ìrọ́jú, kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Àṣìṣe tó ń tú ẹgbẹ́ ká ni kí wọ́n máa jiyàn lórí dáìsì lójú ẹsẹ̀. Nínú òfin tó jáde ní 2014, bí nọ́ńbà ẹ̀mí ẹ̀dá yín bá ti já sí òdo, ẹ óò máa ju dáìsì olójú ogún nígbàkigbà tó bá kàn yín. 10 sókè dáa, ohun tó bá dín sí i kò dáa. Bó bá dáa lẹ́ẹ̀mẹta, ikú yẹ̀. Bí kò bá dáa lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Bó bá jẹ́ 1, wọ́n á kà á sí àìdáa ẹ̀ẹ̀mejì. Ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Kubwa, ní Àbújá, irú dáìsì bẹ́ẹ̀ yí lọ kọ lu abọ́ gúgúrú, ó dúró lórí 1. Ẹnìkan ní kí wọ́n tún un jù torí ó kan abọ́, ẹlòmíì ní kò sóhun tó jọ ọ́. Kí epo jẹnẹrétọ̀ tó tán, àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tí ẹ̀dá rẹ̀ kú sì jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáìsì tó kan nǹkan, ẹ fẹnu kò lé e lórí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ gba ohun tí DM tó ń darí ìtàn bá sọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó bá a sọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń jí òkú láìbi olóhun. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, mo mọ̀. Ọfọ̀ Raise Dead inú géèmù náà lè jí ẹni tí kò tíì kú ju ọjọ́ 10 lọ, dáyámọ́ńdì tí iye rẹ̀ tó 500 owó wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ á dáwó, wọ́n á jí i. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹ̀mí òkú gbọ́dọ̀ fẹ́ padà wá. Ta ló lè dáhùn fún ẹ̀mí náà bí kò ṣe ẹni tó ni ín? Bóyá ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀dá rẹ̀ dúró sí, tó ń ta ọfà kí àwọn yòókù lè sá. Ikú yẹn gan-an ló fẹ́ kí wọ́n máa fi rántí rẹ̀. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í. Bó bá ní ó tó, ẹ jẹ́ ó tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdánù náà, ẹ má mú Kẹ́hìndé olóògbé dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ohun ìjà kan náà, nọ́ńbà kan náà lórí bébà tẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, orúkọ nìkan lẹ yí padà. Ẹ óò kàn máa fi wé ẹni àkọ́kọ́ ni, kò sì ní tó o láé. Babátúndé pàápàá ní ìwà tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan olóògbé ṣẹ́kù, ẹ mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, kó jogún ọ̀bẹ rẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ oníṣègùn tàbí olórin dípò tafàtafà. Bébà àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má ya á.

Ẹ̀yin DM, ẹ má sáré gbé ìjà mìíràn dìde. Ilé wa ni àpẹẹrẹ wà: bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣípà rẹ̀, wọ́n á fi ìrèmọ̀jé dágbére fún un. Ẹ fún wọn ní ìdajì wákàtí kí wọ́n sin ín nínú ìtàn, kí kálukú sọ ohun kan tí olóògbé ṣe fún un. Tábìlì kan ní Àbújá lè kó Yorùbá, Haúsá àti Gbàgyí jọ. Kí oníkálùkù sọ ọ́ lédè tó bá wá sí i lẹ́nu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ò ní ẹ̀dá mọ́ jókòó lásán. Bí kò bá tíì ṣe tán láti dá ẹlòmíì, ẹ fún un ní àwọn ọ̀tá kó máa darí wọn, tàbí ará abúlé kan tó mọ̀nà. Bó bá ní òun á sinmi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má kà á sí ìbínú. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún pàdé fún un, kẹ́ ẹ sì pè é kó tó di ọjọ́ náà.