Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ dá ọgbà sẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé tuntun tí owó fẹ́ǹsì ò tíì sí, táwọn ará àdúgbò wá ń rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ sá sórí okùn, ẹ gbọ́ o. Ẹ wá ọparun tó gbó dáadáa, torí kòkòrò kì í pẹ́ jẹ èyí tí ò tíì gbó. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ ri òpó sí i, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ wá gún un kó le. Èmi ò gún tèmi, òjò àkọ́kọ́ ló gbé gbogbo ẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ mi.

Ẹ la ọparun tó kù sí méjì, ẹ fi dábùú àwọn òpó yẹn lókè àti nísàlẹ̀, wáyà lẹ máa fi dì í o, ìṣó máa ń la ọparun ni. Ẹ wá to imọ̀ ọ̀pẹ sí i kí wọ́n gun ara wọn. Tapólì náà ṣe é lò, àmọ́ ẹ dá a lu síbi bíi mélòó kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn á fẹ́ ẹ wú, á sì fa òpó tu.

Géètì ńkọ́? Ilẹ̀kùn àlòkù ti tó, ẹ gé táyà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kàn án mọ́ ilẹ̀kùn náà àti òpó onígi tẹ́ ẹ rì síbẹ̀ dípò ti ọparun, ìyẹn ni ínjì yín.

Tẹ́ ẹ bá máa pẹ́ níbẹ̀, ẹ gbin ẹ̀ka akòko tàbí lápálápá sídìí ẹ̀ nígbà òjò, á hù fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé jẹ èso lápálápá o, májèlé ni.