Ìgò kan kò tó: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àyẹ̀wò ikọ́ ife tí kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró

Ikọ́ ife kì í ṣe ti àyà nìkan. Ó máa ń wọ kókó ọrùn, eegun ẹ̀yìn, ikùn, àní awọ tó bo ọpọlọ pàápàá. Ẹni tó ní in níbẹ̀ lè má wúkọ́ rárá. Síbẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ikọ́ ife, á ní kò sí nǹkan, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó wú tàbí tí omi gbà sí ni kí wọ́n ti mú ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti formalin, omi tí wọ́n fi ń pa ẹran ara mọ́ kó má bàa jẹrà. Wọ́n á gé kókó ọrùn aláìsàn, wọ́n á sọ gbogbo ẹran náà sínú ìgò formalin kan, wọ́n á wá gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé e lọ sí láàbù. Omi inú ìgò yẹn mọ́ bí omi mímu, àfi òórùn rẹ̀ tó ń ta ènìyàn nímú. Ó dára fún ẹni tó máa fi maikirosikópù wo ẹran, ṣùgbọ́n ó ń pa kòkòrò ikọ́ ife, kò sì ní ṣeé gbìn ní láàbù mọ́ kí wọ́n lè rí i. Ó tún ń ba DNA rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú ara kòkòrò náà, jẹ́, bẹ́ẹ̀ DNA yẹn gan-an ni GeneXpert ń wá. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ta ló máa san owó iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì? Ìgò méjì ló yẹ: ọ̀kan fún formalin, èkejì fún omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Kí wọ́n tó wọ tíátà ni kí ẹ béèrè.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ẹ̀rọ sọ pé òun kò rí kòkòrò, kí a wá kà á sí pé aláìsàn kò ní ikọ́ ife. Ní 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí GeneXpert. Kì í tó wákàtí méjì tí èsì fi ń jáde, ó sì ń sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ife, máa ran kòkòrò náà. Ìyára yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kòkòrò kì í pọ̀ nínú omi tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rọ sì máa ń fò ó. Ti ọpọlọ ló léwu jù: bí orí fífọ́, ibà àti ọrùn líle bá ti ń tọ́ka sí i, kí dókítà má tìtorí èsì kan dá oògùn dúró. Kí wọ́n má sì fi ẹ̀kán díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń yẹ ti ọpọlọ wò; bí omi bá ṣe tó ni kòkòrò ṣe máa rọrùn láti rí.

Ẹ má san owó fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ohun tí ara fi ń bá ikọ́ ife jà. Láti 2011 ni WHO ti ní kí wọ́n má lò ó mọ́.

Bí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má padà sídìí GeneXpert láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, nítorí ó ń rí DNA kòkòrò tó ti kú náà. Kókó ọrùn sì lè tún wú láàárín ìtọ́jú. Ẹ fi han dókítà, ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín já oògùn.