Bí mo ṣe tún owó ọ̀nà ṣe nínú OSPF l'Òṣogbo, àtàlọ àtàbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́kì máa pàdé irú ẹ̀.

Ilé ìwé kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì mẹ́ta ni wọ́n ní. Ògo Olúwa ni server (kọ̀ńpútà ńlá tí wọ́n ń kó fáìlì sí) wà, ọ̀kan wà l'Òkè-Fíà, ọ̀kan l'Alẹ́kùwodò. Fáíbà 1 Gbps (wáyà tó yára tó 1000 Mbps) ló so Ògo Olúwa mọ́ Òkè-Fíà, òmíì tún so Òkè-Fíà mọ́ Alẹ́kùwodò. Ó wá ku rédíò àtijọ́ kan lórí òpó tó ń gba ojú afẹ́fẹ́ so Ògo Olúwa mọ́ Alẹ́kùwodò tààrà, òun ni wọ́n ń lò kí fáíbà tó dé, a ò sì yọ ọ́ torí àwọn tó ń gbẹ́ ojú títì lè já fáíbà nígbàkigbà. Mo wọn rédíò yẹn, 18 Mbps ló kù nínú ẹ̀, igi máńgòrò kan ti ga bò ó lójú.

Màmá tó ń rí sí owó l'Alẹ́kùwodò ló pè mí. "Ìnjíníà, fáíbà tẹ́ ẹ ní ẹ rà yìí, ṣé wọn ò lù yín ní jìbìtì báyìí? Mo ní kí kọ̀ńpútà gbé risíìtì ọmọ kan wá, mo lọ bu omi mu mo padà dé, ó ṣì ń yí." Mo ní ẹ má bínú Mà. Ó dùn mí gan-an, torí owó gidi ni wọ́n ná sórí fáíbà yẹn.

Mo ṣe traceroute (àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà hàn) láti Ògo Olúwa lọ s'Alẹ́kùwodò, tààrà ló gba orí rédíò lọ. Fáíbà kàn wà níbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń gbà á.

Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ìlànà OSPF ni ráútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀nà fún ìsọfúnni) fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ fi wé owó ọkọ̀. Gbogbo ẹnu ọ̀nà tó bá jáde lára ráútà ló ní iye tiẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní cost, ráútà á ro gbogbo owó náà pọ̀ láti ibi tó wà dé ibi tó ń lọ, ọ̀nà tó bá pọ́ọ́kú jù ló máa gbà. Kò dà bíi RIP, ìlànà míì, tó jẹ́ pé iye ráútà téèyàn máa kọjá nìkan ló ń kà, tí kò sì lè kọjá 15. Téèyàn ò bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ cost, irú ráútà tá à ń lò á mú 100 Mbps, á fi iyára pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà yẹn) pín in, èsì ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dín sí 1. Pọ́ọ̀tù 10 Mbps á jẹ́ 10, ti 100 Mbps á jẹ́ 1, ti 1 Gbps náà á tún jẹ́ 1! Ọdún 1998 ni RFC 2328, ìwé ìlànà tó ṣàlàyé OSPF, jáde, láyé ìgbà yẹn 100 Mbps tó gbangba sùn lọ́yẹ́.

Pọ́ọ̀tù 100 Mbps sì ni rédíò wa gbà wọ inú ráútà. Ráútà ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, kò mọ máńgòrò, pọ́ọ̀tù ló mọ̀. Rédíò wá di 1, fáíbà méjèèjì pọ̀ di 2, kí ló máa mú o?

Alẹ́ Fúráìdé tí wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mo kọ auto-cost reference-bandwidth 10000 sínú ráútà Ògo Olúwa àti t'Òkè-Fíà, kí wọ́n máa fi 10000 Mbps ṣírò dípò 100. 1 Gbps di 10, 100 Mbps di 100. Láti Ògo Olúwa, fáíbà di 20, rédíò di 100. Traceroute yà s'Òkè-Fíà lójú ẹsẹ̀. T'Alẹ́kùwodò ni mi ò lè wọlé sí, ẹni tó mọ password ẹ̀ ti lọ síbi òkú n'Ìwó, mo ní ìyẹn lè dúró di Mọ́ńdè.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, Màmá tún pè. Risíìtì ti ń já wọlé wàrà, àmọ́ fọ́tò àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí server ṣì ń wọ́ bí ìgbín. Mo jókòó, mo mú bírò. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò rí mọ̀ pé owó àlọ lè má jẹ́ owó àbọ̀. Ráútà tí ẹrù ń jáde lára ẹ̀ ló ń dá iye lé e, Alẹ́kùwodò sì ṣì ń fi 100 Mbps àtijọ́ ṣírò: rédíò 1, fáíbà 1 dé Òkè-Fíà pẹ̀lú 10 ti Òkè-Fíà dé Ògo Olúwa, 11. Rédíò náà ló ń mú bọ̀! Traceroute tí mo ṣe ní Fúráìdé, àlọ nìkan ló fi hàn mí.

Nígbà tí password dé, mo kọ 10000 sí t'Alẹ́kùwodò náà. Mo tún lọ sẹ́nu rédíò lápá méjèèjì mo kọ ip ospf cost 500, torí tá a bá fi 18 pín 10000, bíi 555 ni, 100 yẹn ṣì ń pọ́n rédíò lé ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo wá yọ fáíbà Alẹ́kùwodò l'Òkè-Fíà wò. Media converter (àpótí kékeré tó so fáíbà mọ́ pọ́ọ̀tù ráútà) wà láàrin lápá méjèèjì, iná pọ́ọ̀tù ò kú, ráútà ò mọ̀ pé fáíbà ti já àfìgbà tí 40 sẹ́kọ́ndì tó fi ń dúró de hello (ìkíni tí àwọn ráútà ń fi ránṣẹ́ síra wọn) pé. Ó pọ̀ jù. Mo ní kí hello máa lọ ní sẹ́kọ́ndì 3-3, mo sọ dead (àkókò tó fi ń dúró kó tó gbà pé ọ̀nà ti já) di 12, lápá méjèèjì o, tí wọn ò bá bára mu wọn ò ní mọ ara wọn bí aládùúgbò. Mo tún un yọ, ó yà sórí rédíò kí 12 sẹ́kọ́ndì tó pé, mo dá fáíbà padà, ó padà.

Mo kọ gbogbo owó náà sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí ráútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà kan fún àlọ, ìlà kan fún àbọ̀.