Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wo òdòdó orchid nínú igbó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wá báínókúlà kan mú dání o, torí orí igi ni èyí tó pọ̀ jù nínú orchid ilẹ̀ olóoru ń gbé, tẹ́ ẹ bá kàn ń wolẹ̀ ẹ máa rìn kọjá lábẹ́ ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀ dáadáa, ó máa ń funfun tó bá gbẹ, tómi bá ti kàn án báyìí ló máa di àwọ̀ ewé, ìyẹn gan-an dùn ún wò ju òdòdó lọ lójú tèmi. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ewé náà o. Àmọ́ ẹ má já nǹkankan sápò, àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn táwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí títa ewéko àtẹranko igbó tó ń fẹ́ ààbò, ò gbà kí wọ́n gbé orchid inú igbó kọjá bọ́dà láìsí pámíìtì, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní éápọ́ọ̀tù.