Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fiṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ ara yín nílé, ẹ ka èyí ná

Ọdún 2016 ni mo kúrò nílé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, mo ra lápítọ́ọ̀pù àlòkù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dìsáìnì nílé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe. Èèyàn méjì ti bi mí lóṣù yìí pé àwọn náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ibo làwọn ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ò le rárá. Ohun tẹ́nì kan ò sọ fún mi nígbà yẹn ni pé ọ́fíìsì tó ń sú yín yẹn, àwọn nǹkan kan wà tó ń bá yín gbé tẹ́ ò mọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀ lẹ máa mọ bó ṣe wúwo tó, torí ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé e.

Owó ni ká kọ́kọ́ sọ. Níṣẹ́ tèmi, láti oṣù kẹwàá títí dé Kérésì n kì í rí oorun sùn, kàlẹ́ńdà ń bọ̀, ìgbéyàwó ń bọ̀, kó tó di àárín oṣù kìíní gbogbo ẹ̀ ti pa lọ́lọ́, tí ààwẹ̀ Ràmádáánì àti Lẹ́ńtì bá tún wá bọ́ síra wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan yìí, kò sẹ́ni tó ń ṣe ìnáwó, kò sẹ́ni tó ń tẹ ìwé ìpè. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ná owó oṣù kejìlá bíi pé bó ṣe máa máa wọlé lọ nìyẹn, nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti lọ yáwó ilé. Torí náà ẹ má fi oṣù ṣírò, ọdún ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Ẹ ro gbogbo owó tó wọlé lọ́dún kan pọ̀, ẹ yọ owó dátà, epo àti bébà kúrò, ẹ pín ìyókù sọ́nà 12, ohun tó bá jáde níbẹ̀ lowó oṣù yín, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ máa san fún ara yín, ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́. Kí àkáǹtì tí kọ́sítọ́mà ń sanwó sí yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ fi ń jẹun. Èmi ò tiẹ̀ gba káàdì ATM ti àkọ́kọ́ yẹn rárá, torí mo mọ ara mi.

Tówó kì í bá dúró lọ́wọ́ yín, ẹ lọ bá alájọ. Owó ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa yọ lóṣù, àmọ́ ó máa kanlẹ̀kùn láràárọ̀, ojú á sì máa tì yín láti sọ pé kò sí. Ẹ tún wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, torí bánkì máa bi yín léèrè ìwé owó oṣù tẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó, ẹ ò sì ní in, ṣùgbọ́n àwọn alájẹṣẹ́kù, owó tẹ́ ẹ ti ń fi pa mọ́ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń wò.

Ẹ gba àsansílẹ̀ o. Nígbà ìdìbò 2023 mo ṣe pósítà fún olóṣèlú mẹ́ta, ìdajì owó péré ni mo gbà, ó sì wá bọ́ sígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tránsífà ò lọ, ni wọ́n ń sọ pé ká fara balẹ̀. Ìdìbò parí. Èyí tó wọlé ò gbé fóònù mi mọ́, àwọn méjì tó já kulẹ̀ ní àwọn ti ná gbogbo ohun táwọn ní. Títí dòní n ò rí owó yẹn gbà. Látìgbà náà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mò ń gbà kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo máa ń gba ìyókù kí n tó fi fáìlì ránṣẹ́, ì báà jẹ́ pásítọ̀ mi, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Àìsàn wá ńkọ́? Lọ́dún 2019 ibà jẹ̀funjẹ̀fun gbé mi ṣánlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé mo ṣì wà ní Mọ́kọ́lá ni, wọ́n á ní kí n lọ tọ́jú ara mi, owó oṣù á ṣì wọlé. Nílé, owó ń jáde, kò sí kọ́bọ̀ tó ń wọlé, kọ́sítọ́mà méjì sì gbéṣẹ́ wọn lọ síbòmíì, n ò lè bá wọn jà. Òfin ọdún 2022 ti sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera, ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, OYSHIA ni t'Ọ̀yọ́, Ìlera Èkó ni t'Èkó, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tára yín ṣì le. Ẹ tún fi owó oúnjẹ oṣù méjì pa mọ́ síbi tẹ́ ò ní tètè dé.

Ti ọjọ́ ogbó náà wà ńbẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù ẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 lé e. Ẹ̀yin ò lọ́gàá, ìdá 10 yẹn ti lọ nìyẹn. Ní 2019 ìjọba bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní Micro Pension fáwa tá à ń ṣiṣẹ́ ara wa, bówó bá ṣe wọlé lèèyàn ń san án, bí wọ́n sì ṣe gbé e kalẹ̀ ni pé èèyàn lè fọwọ́ kan ìdá 40 kó tó dàgbà, ìdá 60 á dúró de ìfẹ̀yìntì. Iṣẹ́ tí mo bá ti parí báyìí, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni náírà 10 nínú 100 ń lọ síbẹ̀, torí tó bá fi dọjọ́ kejì, ó ti di owó epo.

Àmọ́ kì í ṣe owó ló dùn mí jù. Òru ni mo máa ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn làdúgbò dákẹ́. Lánlọ́ọ̀dù mi àkọ́kọ́ wá pè mí jókòó, wọ́n ní ọmọkùnrin tó ń sùn lọ́sàn-án, tíná ẹ̀ ń tàn mọ́jú, tí kò jáde lọ síbi kankan, kí ló ń ṣe? Wọ́n ti gbà pé ọmọ Yahoo ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, ẹ rántí bí EFCC ṣe ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU n'Ífẹ̀ lóru ní 2023, kí ọ̀gá wọn tó wá sọ pé kí wọ́n má lọ síbì kankan lóru mọ́. Mo mú ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tó jẹ́ pé lánlọ́ọ̀dù fúnra wọn lọ síbẹ̀, mo fi orúkọ mi tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ hàn wọ́n, ìyẹn ló parí ẹ̀. Ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, ẹ tẹ káàdì ìdánimọ̀ tẹ́ ẹ máa máa mú rìn pẹ̀lú lápítọ́ọ̀pù, tọ́dún bá sì ti parí, ẹ fún gbogbo ará ilé ní kàlẹ́ńdà tiṣẹ́ yín wà lára ẹ̀.

Àwọn ẹbí ló le jù láti ṣàlàyé fún. "Ṣebí ilé lo wà?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mọ́mì mi fi ń rán mi lọ sí bánkì, tí wọ́n fi ń ní kí n lọ mú ọmọ àbúrò mi nílé ìwé, kí n dúró ti kápẹ́ńtà. N ò lè bá wọn jiyàn, màmá mi ni wọ́n. Mo wá gba àyè tábìlì kan nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní Bódìjà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì jáde láago mẹ́jọ, ọjọ́ kìíní pàá ni mọ́mì ti ń kí mi pé "ó dàbọ̀, iṣẹ́ á yẹ ẹ́ o". Ìdáwà tó ti ń mú mi náà dín kù, torí nígbà kan mo máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí n ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi lórí WhatsApp.

Owó orí: kí oṣù kẹta tó parí lọ́dọọdún ni kẹ́ ẹ lọ kọ ohun tó wọlé fún yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, torí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ni wọ́n máa ń bèèrè tẹ́ ẹ bá ń wá iṣẹ́ ìjọba ṣe. Láti oṣù kìíní 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún ò lówó orí mọ́. Iná: ẹ ra sólà kékeré àti báátìrì kẹ́ ẹ tó ra àga.

Tẹ́ ẹ bá ti ka gbogbo èyí tí ọkàn yín ṣì wà ńbẹ̀, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò láti ibiṣẹ́ tẹ́ ẹ wà. Fún oṣù mẹ́fà, ìdajì owó oṣù yín ni kẹ́ ẹ máa ná, ẹ kó ìdajì tó kù sínú àkáǹtì kejì. Oṣù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ padà sórí oṣù kìíní kẹ́ ẹ tún un kà, kí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí.