Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka Mechanical Engineering, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ rèé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń múra JAMB l'Abẹ́òkúta, inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ pé Mechanical lẹ fẹ́ kà, àmọ́ ẹ jẹ́ n tètè sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi. Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi tí wọ́n ń ta àdìrẹ n'Ítòkú bi mí pé, "Ṣé mẹkáníìkì lo fẹ́ fi ọdún 5 kọ́ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí: ká tún ẹ̀rọ ṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ká wá ìdí tó fi bàjẹ́ gan-an niṣẹ́ wa, kó má báa tún bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní JAMB, Math, Physics, Chemistry àti Use of English lẹ máa ṣe. FUNAAB, yunifásítì tó wà níbí, ń kọ́ ọ, ọdún 5. Ẹni tó bá gba poly lọ, ND ọdún 2, IT (ìyẹn kẹ́ ẹ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́) ọdún 1, HND ọdún 2, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé technologist ni COREN, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn engineer sílẹ̀ ní Nàìjíríà, máa forúkọ HND sí, kì í ṣe engineer, àfi tẹ́ ẹ bá tún kàwé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi IT yín jókòó sí ọ́fíìsì kẹ́ ẹ máa ṣe fọ́tókọ́pì o, ibi tí ẹ̀rọ ti ń dún ni kẹ́ ẹ wá.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù omi kan wà tó ń jẹ bearing (òrùka irin tó ní bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ nínú, tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ máa yí gbọọrọ), a pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, wọ́n á ṣáà ní ká tún pààrọ̀ ẹ̀. Mo gbé ìdí screwdriver gígùn kan sétí, mo fi ẹnu ẹ̀ kan ilé bearing yẹn, ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà téèyàn ń rún òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Nígbà tá a tú u, ipa tí àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ gbà ti dagun lára òrùka, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló yẹ kó lọ gbọọrọ. Motor àti pọ́ǹpù ò dojú kọra wọn dáadáa ni! A gbé dial gauge, irinṣẹ́ tó ń fi bí nǹkan ṣe yẹ̀ tó hàn, sí i, a ki irin pẹlẹbẹ tí ò nípọn tó mìlímítà kan sábẹ́ ẹsẹ̀ motor, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ara bearing. Tó bá jẹ́ 6205, ẹ mú 05 tó gbẹ̀yìn, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, 25 mm ni ihò àárín ẹ̀ nìyẹn. 6308 jẹ́ 40 mm. Láti 04 sókè ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ pa iná ẹ̀, ẹ fi páádì tì í níbi tí wọ́n ti ń tan iná, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni mú. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò láwàdà nínú rárá torí ìka tó bá lọ ò ní padà wá.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ kì í pọ̀, iṣẹ́ òru sì wà, wọ́n lè pè yín láago 2 òru. Ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé iléeṣẹ́ epo nìkan lẹ̀ ń wò, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì wà n'Ewékorò àti Ìbèsè, iléeṣẹ́ pọ̀ l'Ọ́tà àti Ṣàgámù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń fa omi, gbogbo ẹ̀ ló nílò wa, ẹ̀yin obìnrin náà ẹ máa bọ̀.

Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gé irin lórí lathe nítòsí yín, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa bá wọn gbálẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa wò, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ka vernier, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n ní nǹkan míì.